Aṣọ Ọlọ́nà Kì í Kan Ilẹ̀

Ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kọ́ ìjọ nígbà tí wọ́n dá ìpàgọ́ oṣù kìíní sílẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹní lásán ni oníkálùkù ká dání lọ sí pápá ìjọ tó wà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Imusin. Wọ́n ta tapólì mọ́ igi, wọ́n sì sùn sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè rántí pé àlejò ni gbogbo wa láyé. Lọ́dún kejì, ẹnì kan gbé tìmùtìmù wá, ó ní dókítà ló ní kí òun má sùn sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, dókítà ti kìlọ̀ fún ìdajì ìjọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì fi máa dé ibi tí à ń sọ yìí, àgọ́ olówó iyebíye tí wọ́n rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ní fèrèsé tó ní ìloro, ló kún pápá náà, ìgbìmọ̀ ìpàgọ́ sì ti dá ẹ̀bùn sílẹ̀ fún àgọ́ tó bá dára jù. Àgọ́ Àwòkọ́ṣe ni wọ́n pe ẹ̀bùn ọ̀hún. Àwọn aṣàyẹ̀wò á wọ àgọ́ kọ̀ọ̀kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á tún wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á wo ibùsùn, wọ́n á fún un ní máàkì. Wọn kì í wo ọkàn. Ìyẹn kò sí lára ohun tí wọ́n ń fún ní máàkì.

Alága ìgbìmọ̀ tó dá ẹ̀bùn yìí sílẹ̀ ni Diákónì Joel Adébóyè, ọ̀gá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba l'Abẹ́òkúta, tó kọ́ ilé alájà kan sí Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì ń gbé inú rẹ̀ bí ẹni pé fáìlì ṣì ń bọ̀ wá sórí tábìlì rẹ̀ láràárọ̀. Kò tíì gba ẹ̀bùn náà rí, ó sì ń dùn ún. Àwọn kan ní kò yẹ kí alága máa díje. Ó dá wọn lóhùn pé òun kò díje o, ìdílé òun ló ń díje.

Iṣẹ́ mìíràn tí ìjọ gbé lé e lọ́wọ́ ló tilẹ̀ sọ ọ́ di ẹni ńlá. Òun náà ni alága Ìgbìmọ̀ Ìgbéyàwó. Ọkùnrin àti obìnrin tó bá fẹ́ fẹ́ra nínú ìjọ náà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó ya ẹnu sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Diákónì ni ìfẹ́ náà ń kú sí. A kò lè ní ohun tó ń ṣe burú. Kò sí ẹni tó ti rí ọmọ tí àrùn fòníkú-fọ̀ládìde ń bá jà tí yóò ní kí ẹlòmíràn lọ bí irú rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é ni èèyàn fi ń gbin. Yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò nù ún, yóò dákẹ́ títí omidan náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ìgbà yẹn ni yóò wá béèrè pé, "Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ bí ọmọ sínú ìrora, kí ni yóò sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ tó bá béèrè?" Àwọn ìjọ láti Ayépé títí dé Ibefun a máa pè é wá sọ gbólóhùn yìí fún àwọn ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n á gbé oúnjẹ fún un lẹ́yìn rẹ̀.

Moṣọpẹ́, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, wà lára àwọn tó gbọ́ gbólóhùn náà lójúkojú. Òun àti Máyọ̀wá ti ń fẹ́ra láti ìgbà tí wọ́n ti wà nílé ìwé. Ìwé àyẹ̀wò dé, AS àti AS, Diákónì bọ́ awò ojú rẹ̀. Máyọ̀wá kó lọ sí Abuja, kò sì pẹ́ tó fi fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Moṣọpẹ́ kò lọ ibì kankan. Bó bá rí Diákónì, yóò kúnlẹ̀ kí i dáadáa, kò kàn ń wo ojú rẹ̀ ni. Lọ́dún tí à ń wí yìí, wọ́n fi í sára àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò àgọ́.

Ohun tí Moṣọpẹ́ kò mọ̀, tí ìjọ kò mọ̀, ni pé AS ni Diákónì, AS sì ni Edith ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Nígbà náà kò sí ìgbìmọ̀, àlùfáà ayé ìgbà yẹn kò béèrè, Joel sì sọ fún Edith pé ìwé àyẹ̀wò dà bí òjò tó ṣú, pé òjò mìíràn a máa ṣú lásán. Wọ́n bí Micah, ara rẹ̀ le bí òkúta. Joel ní, àbí ẹ ò rí i? Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bí Ayọ̀tọ̀míwá. Òjò náà rọ̀.

SS ni Ayọ̀tọ̀míwá. Ó ti di omidan báyìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nínú ilé wọn, wọn kì í pe àìsàn náà lórúkọ. "Ibà" ni wọ́n ń pè é. Bí egungun bá ń ro ọmọ náà débi tí kò lè gbẹ́sẹ̀, ibà ni. Bí ẹyinjú rẹ̀ bá pọ́n bí omi ata ilẹ̀, ibà ni. Èkó ni dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ wà, kí ará Ìjẹ̀bú-Òde má baà rí wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ayọ̀ fúnra rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ibà tòun ti dàgbà, ó ti tó ẹni tí wọ́n ń fún ní káàdì ìdìbò.

Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀ tó le jù. Bí òtútù bá ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há sínú iṣan rẹ̀, ìrora á dé, nígbà mìíràn á sì lọ síbi tí èèyàn kò fẹ́ fẹnu sọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi lọ sí ìpàgọ́ rí. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, ó ní òun máa lọ. Ó ní ó ti sú òun kí wọ́n máa kí àwọn òbí òun pé ibà ọmọ yín ńkọ́, bí ẹni ń béèrè adìẹ tó sọnù. Bàbá rẹ̀ náà fẹ́ kó lọ, nítorí àgọ́ ìdílé tí kò ní ọmọ nínú kò dà bí àgọ́ ìdílé lójú àwọn aṣàyẹ̀wò. Bàbá ní ìdí tirẹ̀, ọmọ ní ìdí tirẹ̀, ibì kan náà ni ìdí méjèèjì sì ń lọ. Kí ni ìyá tí kò fẹ́ ẹ lè ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò fi bo ọmọ rẹ̀.

Edith pe Micah, tó ń gbé ní Skọ́tíláǹdì, níbi tí òtútù ti jẹ́ onílé tí èèyàn jẹ́ ayálégbé. Micah fẹ́ràn kó máa gun òkè kó sì máa sùn nínú àgọ́ níbẹ̀, ohun tí bàbá rẹ̀ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò yé e ìdí tí ẹni tó ní ilé yóò fi máa sùn níta láìsí ẹ̀bùn. Micah fi kúbùsù ìpàgọ́ méjì ránṣẹ́. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó ń dán, kò fẹ̀, ó fúyẹ́ bí ìlérí olóṣèlú. Ìyẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú rẹ̀. Ìkejì fẹ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ, àwọ̀ eérú ni, òwú tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ni wọ́n kì sínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò rí i lọ́jà tí yóò yà á wò lẹ́ẹ̀mejì. Micah fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀, Edith sì gbọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí.

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Èyí tí kò fẹ̀ ló ń wà nínú, èyí tó fẹ̀ ni kó bò ó lóde. Ẹ má fà á le, ẹ má sì gbé ohun tó wúwo lé e o. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ yẹn ló ń móoru, kì í ṣe ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ rántí bí adìẹ ṣe máa ń wú nígbà ọyẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó parí. Ìrì ò lè fi èyí tó fẹ̀ ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí ìrì bá fi wọ ti oníyẹ̀ẹ́, adìẹ tí òjò pa nìyẹn. Ilẹ̀ gan-an wá ni olè. Ẹ wá ohun tó nípọn jù nílé, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀."

Edith ti ṣe tíṣà rí, kò lè ní kí ọmọ ṣe ìdánwò láìkọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí táìsì pálọ̀, ó ní kí Ayọ̀ wọnú rẹ̀. Kò pẹ́ tí òógùn fi bo ọmọ náà. Ó yọ orí jáde, ó ní, "Mọ́mì, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀, mo ti jinná." Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí Joel wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Micah, kí ló wà lábẹ́ ọmọ yẹn?"

Edith ní ohun tó nípọn jù nílé ni.

Aṣọ ọlọ́nà ni, irú èyí tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń fi ọwọ́ hun, tó ní ṣàkì lára bí inú màlúù, tó wúwo débi pé ọmọdé kò lè gbé e. Òun ni ìyá Joel fi joyè. Kí obìnrin náà tó kú, ó sọ ọ́ di òfin ìdílé pé aṣọ yìí kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ẹni méjì ló ń ká a: ẹnì kan mú etí ìsàlẹ̀, ẹnì kejì mú etí òkè, wọ́n á máa sún mọ́ra wọn títí aṣọ yóò fi di ẹyọ kan láàárín ọwọ́ wọn. Láti kékeré ni Joel ti ń mú etí kan. Nínú ilé yẹn, wọ́n lè gbàgbé ọjọ́ ìbí èèyàn, wọn kì í gbàgbé ìyẹn.

"Aṣọ tí ìyá mi fi joyè kọ́ ni ẹ máa sọ di ẹní," ni Joel wí. "Òkè ni aṣọ ọlọ́nà ń gbé."

"Òtútù kò mọ ìyá ẹnì kankan, Bàbá Micah."

Joel ní kí Ayọ̀ dìde, kó mú etí kejì, àwọn méjèèjì sì ká aṣọ náà bó ṣe yẹ. Edith lọ wá kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan jáde àti ẹ̀wù òtútù méjì tí Joel rà nígbà tó lọ ṣe kọ́ọ̀sì nílẹ̀ òkèèrè. Ó dì wọ́n sínú báàgì.

Ọyẹ́ ọdún náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ètè gbogbo ìjọ ti là kí wọ́n tó dé pápá. Edith ni olórí àwọn tó ń se oúnjẹ, ìkọ́kọrẹ́ ló sì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n á rin iṣu ewùrà títí apá yóò fi fẹ́ já. Àwọn olóúnjẹ a máa sùn sí gbọ̀ngàn ìdáná kí wọ́n lè tètè dáná láàárọ̀. Kó tó lọ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ibùsùn Ayọ̀ sínú àgọ́. Kápẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, ẹ̀wù òtútù méjèèjì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kúbùsù búlúù, kí aláwọ̀ eérú tó wá bò ó lókè, ó sì dẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí o bá wò ó, ẹrù ẹni tí ilé rẹ̀ jó ni. Edith wò ó, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó lọ.

Joel wọlé, ó wò ó, inú bí i. Apá ẹ̀wù òtútù kan ti yọ jáde lábẹ́ ibùsùn bí ọwọ́ ẹni tó ń tọrọ bárà. Kúbùsù olówó iyebíye tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kò hàn sójú rárá, èyí tó dà bí àkísà mẹkáníìkì ló bò ó. Àwọn aṣàyẹ̀wò sì ti wà ní àgọ́ kẹta sí tiwọn. Ó kó ẹ̀wù òtútù àti kápẹ́ẹ̀tì sínú búùtù ọkọ̀. Ó ká aláwọ̀ eérú ní méjì, ó fi í sábẹ́. Ó tẹ́ búlúù sókè, ó fà á le títí tó fi dán gbinrin. Ṣùgbọ́n kò fẹ̀ tó, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ń hàn. Ó wá gbé aṣọ ọlọ́nà jáde láti inú ọkọ̀, nítorí ó ti gbé e wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní kí Ayọ̀ mú etí kan, wọ́n sì tẹ́ ẹ lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Ayọ̀ rán an létí ohun tí Micah wí. Joel ní kí wọ́n tó bí Micah ni òun ti sun òtútù ilẹ̀ òyìnbó, pé aṣọ tó bá wúwo ló ń móoru, pé gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. "Tí wọ́n bá ti lọ tán," ó ní, "a máa tún un ṣe bí ìyá rẹ ṣe fẹ́."

Moṣọpẹ́ àti àwọn ìyá ìjọ méjì ló wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà fi ọwọ́ pa ṣàkì aṣọ náà, ó béèrè ẹni tó ni ín, Joel sì sọ ìtàn oyè ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé orí jíjẹ àti mímu. Moṣọpẹ́ kò fọwọ́ kan aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ibùsùn, ó béèrè ẹni tó ń sùn síbẹ̀. Ayọ̀ ní òun ni. Moṣọpẹ́ ní ilẹ̀ náà tutù o. Joel rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun yìí, òtútù gan-an ló fẹ́ràn. Ayọ̀ wo bàbá rẹ̀, ó sì wo ilẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti kárí pápá pé àgọ́ Diákónì ló wà níwájú. Wọn kò tún un ṣe bí ìyá rẹ̀ ṣe fẹ́. Àwọn èèyàn ń wá wo ibùsùn náà bí ìgbà tí wọ́n wá wo ọmọ tuntun, ìyàwó àlùfáà sì ránṣẹ́ pé òun máa yà láàárọ̀ kí wọ́n tó tú u. Joel ń lọ síbi àdúrà àṣemọ́jú àwọn ọkùnrin, ó ní kí Ayọ̀ rọra wọ abẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ti lẹ́tà bọ àpò ìwé, kó má baà dàrú. Ó lè tú u. Ọwọ́ rẹ̀ kò kọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ ti fi pamọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọjọ́ kan ṣoṣo tó mú un jáde, kò fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa ba ọjọ́ náà jẹ́.

Òun nìkan ló mọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè sọ ni pé ọyẹ́ fẹ́, ìrì sẹ̀, aṣọ olóyè tẹ ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé, ilẹ̀ sì ń jí ooru ara ọmọ náà gbé láti ìsàlẹ̀ wá.

Láàárọ̀, Edith gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un. Ojú aṣọ ló kọ́kọ́ rí, kò rí ọmọ. Ó gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Ayọ̀ ti ká jọ bí ìgbín, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó fi eyín di etí aṣọ ọlọ́nà mú kí àgọ́ kejì má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Àkókò yẹn náà ni Joel ti ibi àdúrà dé, ó ti wọ kóòtù, ó ní, "Ayọ̀, dìde kíá, wọ́n ti wà ní àgọ́ kejì." Lẹ́yìn náà ló rí ojú ìyàwó rẹ̀.

Edith yọ etí aṣọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá aṣọ ọlọ́nà mú, ó sì fà á sọ nù. Kó tó kan ilẹ̀, Joel ti nawọ́ mú un. Kò rò ó kó tó ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é fúnra rẹ̀, bó ṣe ń ṣe é láti kékeré. Ó wá dúró síbẹ̀, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mọ́ àyà, ọmọ rẹ̀ sì ń gbọ̀n nílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣàyẹ̀wò ṣe bá wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Joel ní ibà ni. Ó ní ibà lásán ni, ó máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá oògùn fún un.

Ayọ̀ ti ilẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. "Mọ́mì, ẹ sọ fún wọn."

"Kì í ṣe ibà," ni Edith wí. "SS ni ọmọ mi. Ọsibítù ló ń lọ nísinsìnyí."

Kò sí ẹni tó béèrè ìtumọ̀. Gbogbo ìjọ ló mọ irú ẹ̀jẹ̀ méjì tó ń pàdé kí ọmọ tó jẹ́ SS. Diákónì fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn, ó sì kọ́ wọn dáadáa. Ìṣirò tirẹ̀ ni wọ́n dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe níwájú rẹ̀.

Moṣọpẹ́ ló kọ́kọ́ parí tirẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ mọ̀ kí ẹ tó fẹ́ra yín, Mọ́mì?"

"A mọ̀," ni Edith wí.

Moṣọpẹ́ yíjú sí Joel. Láti ọjọ́ ọ́fíìsì yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó wo ojú rẹ̀. "Kí lẹ wá sọ fún un, Dádì?"

Joel fẹ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Aṣọ kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ yọ.

Moṣọpẹ́ kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti jáde, ó ń pe awakọ̀ ìjọ. Ayọ̀ kò lè jókòó nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi kó ìkòkò àti àga wá ló sì wà nítòsí, wọ́n sì ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Nígbà tí wọ́n gbé Ayọ̀ débẹ̀, irin lásán ló wà nílẹ̀ ọkọ̀ náà, ó tutù bí ikú, ó ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Edith ní kí wọ́n dúró ná, ó béèrè kápẹ́ẹ̀tì. Joel ní ó wà nínú búùtù. Edith béèrè kọ́kọ́rọ́ búùtù. Joel ti ọwọ́ kan bọ àpò kóòtù, ó ti òmíràn, kò rí i. Ayọ̀ kígbe, ìgbà kan ṣoṣo.

Joel wo ilẹ̀ bọ́ọ̀sì náà. Ó wo ohun tó wà láyà rẹ̀.

"Mú etí kan dání," ló wí fún Moṣọpẹ́. Àwọn méjèèjì tú aṣọ ọlọ́nà náà láàárín ara wọn, wọ́n ṣẹ́ ẹ po ní mẹ́rin, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí irin, láàárín eruku àti ìpẹ́ ẹja. Wọ́n gbé Ayọ̀ lé e. Edith fi búlúù bò ó, ó fi aláwọ̀ eérú bo búlúù, ó dẹ̀ ẹ́. Kò wo ọkọ rẹ̀.

Ọsibítù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n gbé e lọ, ibi tí wọ́n ti ń sá fún láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ kíákíá: orúkọ, ọjọ́ orí, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀. Edith ti tẹ̀ lé ọmọ wọ inú yàrá. Joel ló kù. Ó dáhùn èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kí bàbá jọ̀ọ́ sọ ọ́ sókè, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Àwọn ará ìjọ tó tẹ̀ lé wọn wá wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀, Moṣọpẹ́ sì fara ti ògiri. Diákónì sọ ọ́ sókè. Ó ní SS ni ọmọ òun.

Lọ́sàn-án, wọ́n ti fa omi sí Ayọ̀ lára, wọ́n sì ti fún un ní oògùn ìrora. Dókítà ní òun gbọ́ nǹkan kan nínú àyà rẹ̀ tí kò tẹ́ òun lọ́rùn, kò sì fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di ọ̀la. Nínú yàrá náà, Edith yí àga rẹ̀ kọ ojú sí fèrèsé. Ìròyìn ti dé láti pápá pé àgọ́ wọn kò gba ẹ̀bùn mọ́, wọ́n yọ máàkì kúrò nítorí pé wọn kò tẹ́ ibùsùn láàárọ̀. Ẹni tó mú ìròyìn náà wá kò mọ̀ bóyá kí òun kẹ́dùn ni tàbí kí òun dákẹ́. Àlùfáà ìjọ tẹ Joel láago, ó ní kó sinmi díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìgbéyàwó. Joel ní òun gbọ́.

Kúbùsù méjèèjì ṣì wà lára Ayọ̀, nítorí yàrá náà tutù. Joel jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé kúbùsù náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ náà tó la ojú.

"Dádì," ló wí.

Joel mú ọkàn le. Ó mọ ìbéèrè tó ń bọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń fi í dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ, kò sì tíì jókòó wá èsì rẹ̀ rí. Ó wo ẹnu ọmọ rẹ̀.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò," ni Ayọ̀ wí. "Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ó gbé e kúrò. Ó gbé e dúró lókè níbẹ̀, láàárín òun àti ọmọ náà, kò sì mọ ibi tí òun máa gbé e sí.